Èmi Ni Mo Pe Òwìwí Náà, Ṣùgbọ́n Mi Ò Rán An Níṣẹ́

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àfaradà ẹnu ayé, ẹ kú ìdààmú ọ̀rọ̀ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú yàrá mi ní Láfẹ́nwá níbí, àyà mi kan sìmẹ́ńtì, ẹ fojú inú wò ó. Ẹ kú iṣẹ́ òrí. Mo mọ̀ pé àsìkò yìí lẹ máa ń ṣa èso ẹ̀, tí ọwọ́ yín á máa dán láti àárọ̀ dalẹ́. Bàámi, ẹ kú ìjókòó mọ́ṣáláṣí, ẹ má dákẹ́ àdúà. Màmá Àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àǹtí Sàrátù, ẹ̀yin lẹ máa ka lẹ́tà yìí fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, títí kan ibi tó bá dẹ́rù bà yín. Ẹ má sì kà á bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ẹ kà á bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló ní òun máa gbé lẹ́tà náà sórí pèéjì òun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ òní kí gbogbo ayé rí i. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé náà kọ́ ló rí fídíò yẹn? Fídíò yẹn ò gùn rárá, ṣùgbọ́n ó ti dé Sakí kí èmi tó délé lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gbé e wá bá yín nídìí ààrò, tó ní kẹ́ ẹ wá wo ọmọ yín tó ti di àjẹ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, mo mọ̀ ọ́n, mo kí òun náà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí dátà ẹ̀ tán. Kó fi èyí náà ránṣẹ́ síwájú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ̀rù tó dí mi lẹ́nu. Ọmọdébìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Abẹ́òkúta níbí. Àwọn ará abúlé ẹ̀ ní èmi ni mo fi òwìwí pe ikú wá bá a. Ẹ̀yin ní kí n sá wálé. Mi ò lè sá. Tí ọmọ yẹn bá kú, Màámi, mi ò mọ ohun tó máa ṣẹ́ kù nínú èmi náà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn, torí ó kọ́kọ́ dùn.

Ẹ máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe, màá ní mo wà nídìí ìgbafẹ́, ẹ ó ní ìgbafẹ́ bíi ti báwo? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọ̀kadà ni mò ń gùn ní Láfẹ́nwá, kò sì sí ọlọ́kadà tó mọ kọ̀rọ̀ ìlú yìí tó mi, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn wá bá mi. Lọ́jọ́ kan ni ìyá kan gun ọ̀kadà mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Mà Fọlákẹ́ la máa ń pè wọ́n. À ń lọ jẹ́jẹ́, ṣàdédé ni wọ́n gbá mi léjìká, wọ́n ní dúró, dúró, dúró! Mo rò pé báàgì wọn ló já bọ́. Ẹyẹ ni o. Ẹyẹ kan lórí wáyà iná. Wọ́n fa bainọ́kúlà yọ, èyí tí wọ́n ń gbé sójú láti fi wo ohun tó jìnnà, wọ́n ń wo ẹyẹ náà bí ẹni pé ọmọ wọn ló ti òkè òkun dé. Mo ní mà, tó bá jẹ́ ẹyẹ lẹ fẹ́ wò, èyí tó dáa jùyẹn lọ wà lórí igi tó wà lẹ́yìn yín. Wọ́n yíjú. Wọ́n wo ẹyẹ náà, wọ́n wo èmi. Wọ́n ní ta ló fún mi ní ojú báyìí? Mo ní màámi ni. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ wọn nìyẹn.

Iṣẹ́ náà ò le. Àwọn èèyàn tó ń jókòó ní ọ́fíìsì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tí wọ́n ń gbé ní àwọn ìlú tó sún mọ́ Èkó, wọ́n á wá lópin ọ̀sẹ̀, a ó mú wọn wọ igbó, wọ etí odò, wọ oko ìrẹsì, a ó fi ẹyẹ hàn wọ́n. Àwọn ọmọ iléèwé náà máa ń wá pẹ̀lú tíṣà wọn. Mà Fọlákẹ́ á máa ṣàlàyé igi àti kòkòrò fún wọn, wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń gbọ́. Àmọ́ jẹ́ kí lékeléke kan kọjá lókè, gbogbo wọn ti na ọwọ́ sókè, wọ́n ń mi èékánná pé kó fún àwọn ní funfun. Mà á ní kí wọ́n dákẹ́, ẹyẹ ń sá. Wọ́n á wo èmi, èmi náà ti na ọwọ́ tèmi sókè.

Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí gan-an ni ọjà wa ń tà. Àwọn akọ ẹyẹ máa ń pààrọ̀ aṣọ, Màámi. Èyí tí aṣọ ẹ̀ rí bí erùpẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn á di pupa fòò, á bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò lórí oko ìrẹsì Ọ̀fàdà bí ẹni tó ń wá ìyàwó, ìyàwó náà ló sì ń wá. Ẹ̀gà á hun ilé sórí ọ̀pẹ, abo á wá yẹ ilé wò, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ á já a dànù, á tún hun òmíràn. Mo sọ fún Mà pé ìyá tó ni ilé tí mò ń gbé ló kọ́ abo ẹ̀gà níwà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní tiwọn máa ń wò wá bí wèrè. Àwọn ń fi kànnàkànnà àti agolo lé ẹyẹ kúrò lóko láti àárọ̀, àwa ń kó èèyàn wá kí wọ́n wá sanwó wo olè.

Mo ní sìpíkà kékeré kan níbi iṣẹ́, kò ju agolo mílíìkì lọ. Tí ẹyẹ kan bá fara pamọ́, ohùn irú ẹ̀ wà lórí fóònù, a ó gbé e jáde lórí sìpíkà, ẹyẹ yẹn á rò pé ẹlòmíì ti wọ àdúgbò òun wá gba ìyàwó òun, á yọ síta láti wá jà. Mà Fọlákẹ́ ò fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n ní à ń da ẹyẹ láàmú. Wọ́n tún ní òfin kan: tí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, a ò gbọdọ̀ gbé ohùn kankan jáde nítòsí abúlé àfi tí a bá kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀, kí Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ̀. Wọ́n á bọ́ bàtà wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Baálẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á jẹ obì, àkókò á máa lọ. Èmi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, màá máa wo oòrùn, màá ní àwọn àgbà àti àpọ́nlé.

Sátidé tí ọ̀rọ̀ fídíò yìí ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ń dun Mà, èmi nìkan ni mo kó àwọn àlejò lọ. Tọkọtìyàwó kan ni, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn níbi iṣẹ́. Ọkọ yẹn rí ẹyẹ títí, kò rẹ́rìn-ín. Mo fi àtíòro hàn án, mo fi òrofó hàn án, ojú ẹ̀ le kankan. Ó ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ti rí òwìwí, òun ò tíì rí. Mo lu àyà. Mo ní ọ̀gá, tí mi ò bá fi òwìwí hàn yín kí oòrùn tó wọ̀, ẹ máa pè mí ní adìẹ. Ẹnu mi yìí, Màámi. Ẹ ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Mo mọ igi àràbà kan tí òwìwí ń gbé inú ihò ẹ̀, lẹ́yìn abúlé kan tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, téèyàn bá ti kọjá Ọ̀fàdà. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀, awakọ̀ ń fọn fèrè pé ilẹ̀ ń ṣú, ọkọ yẹn ń wo aago. Mi ò lọ kí Baálẹ̀. Mo so sìpíkà mọ́ ìdí, mo tẹ fóònù, ohùn òwìwí jáde. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tó yá, nǹkan kan fò kọjá lórí wa. Ẹ gbọ́ o, ìyẹ́ òwìwí kì í dún. Atẹ́gùn ẹ̀ nìkan la mọ̀ lára. Ó kọjá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó bà sórí páànù ilé kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó kọjú sí wa, ó dáhùn.

Gbogbo àwọn àlejò mi gbé bainọ́kúlà sójú. Ọkọ yẹn rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn. Inú mi dùn débi pé mo gbé ohùn sìpíkà sókè dé òpin.

Obìnrin kan wá figbe ta.

Ẹ jẹ́ n sọ bí obìnrin yẹn ṣe rí i fún yín, torí mi ò lè yéé rò ó. Ara ọmọ ẹ̀ ti ń gbóná láti àná ẹ̀. Wọ́n ti fún un ní àgbo, kò lọ. Ó jáde wá da omi nù. Ó gbójú sókè, òwìwí wà lórí ilé ẹ̀, ó ń ké. Ó wo ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn àjèjì wà níbẹ̀, aṣọ wọn ṣú torí a kì í wọ aṣọ tó ń tàn lọ wo ẹyẹ, gbogbo wọn gbé nǹkan dúdú sójú, gbogbo ẹ̀ kọjú sí ilé ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, Màámi? Ṣé ẹ ò ní kígbe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ju iyọ̀ sínú iná tí òwìwí bá ké lẹ́yìnkùlé wa, tẹ́ ẹ máa ń fa gbogbo wa wọlé. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Inú ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára débi tí mo fi gbàgbé pé ẹ̀rù máa ń bá a wá.

Àwọn ará abúlé jáde pẹ̀lú àdá. Àwọn àlejò mi sá wọ bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì ṣí, ó lọ. Mi ò bá wọn jà. Èmi náà ì bá wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn aládàá ti dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ká mi lọ́wọ́ méjèèjì sẹ́yìn, fóònù já bọ́ sínú koríko, ohùn òwìwí ń lọ lórí ẹ̀, sìpíkà sì wà ní ìdí mi, ó ń ké. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà lára ẹ̀. Ta ló fẹ́ fọwọ́ kan ìdí mi? Bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n ló ń ké. Wọ́n ní ẹ gbọ́, ẹ gbọ́, inú ikùn ẹ̀ ló wà. Ẹnì kan gbé fóònù sókè. Fídíò tẹ́ ẹ rí nìyẹn.

Ẹ rí i nínú ẹ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Sàrátù ní ẹ̀rín yẹn ló pa yín lẹ́kún. Màámi, kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀rù ló gba ojú mi. Mo gbìyànjú láti pa ẹnu mi dé, kò dé. Mo rí ọmọkùnrin kan tó lọ bẹ̀rẹ̀ nídìí ọ̀kadà, tó ń tú rọ́bà epo. Èmi náà ti tú rọ́bà yẹn rí àìmọye ìgbà, mo mọ bó ṣe máa ń yára tú. Ẹlòmíì ń yí táyà bọ̀. Mo fẹ́ pe orúkọ Ọlọ́run, kò wá. Orúkọ yín ló ń wá, ó ń wá ṣáá.

Bàbá ọmọ náà ló wá dúró níwájú mi. Bàbá Mọ́rẹ̀n ni wọ́n ń pè é, torí Mọ́rẹ̀nikẹ́ lorúkọ ọmọ náà. Ó ní kí wọ́n má pa mí. Ẹ má rò pé àánú ni o. Ó ní tí wọ́n bá pa mí, ta ló máa wá pe ẹyẹ náà padà kúrò lára ọmọ òun? Lẹ́yìn ìyẹn ni Baálẹ̀ dé, àgbàlagbà, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọ̀pá ẹ̀ gún sìpíkà yẹn títí ó fi dákẹ́. Ìgbà tó dákẹ́ ni mo gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe ń mí. Baálẹ̀ bi mí pé ìyá tíṣà dà? Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Ó ní ẹnu ọ̀nà òun dà? Ó yíjú sí wọn, ó ní ọmọ ń jóná nínú ilé, ẹ wá dúró ti ẹyẹ, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́sibítù. Ó wá sọ fún mi pé títí ọmọ yìí á fi dìde, mi ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ó ní tí mo bá sá, mo ti fẹnu ara mi dáhùn. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ní mo gbọ́, bàbá.

Màámi, ìdí tí mi ò fi wálé nìyẹn. Ẹ ní ọ̀rọ̀ lásán ni mo sọ fún ọkùnrin arúgbó kan. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òun ló jẹ́ kí n ṣì lè máa kọ lẹ́tà sí yín.

Ẹ̀ ń bi mí pé báwo ni mo ṣe wà. Òjò ń rọ̀ níbí bí ẹni pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, páànù yàrá mi ń jò sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mò ń sùn. A ò jáde lọ wo ẹyẹ mọ́ látọjọ́ náà, Mà ní kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ ná, nítorí náà ẹ má retí ohun tí mo máa ń fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Mo wọ kẹ̀kẹ́ màrúwá lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó jókòó tì mí wo fóònù ẹ̀, ó wo ojú mi, ó tún wo fóònù ẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kò sì tíì dé ibi tó ń lọ. Ìyá onílé ti kó ìkòkò omi ẹ̀ kúrò níwájú yàrá mi. Wọ́n ṣì ń kí mi o. Wọ́n ń kí mi bí èèyàn ṣe ń kí sọ́jà. Ní mọ́ṣáláṣí, àlàfo wà ní apá ọ̀tún mi, àlàfo wà ní apá òsì. Mo fi ṣàwàdà fún Mà, mo ní mo ti di Alájì, mo ní àyè tèmi. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Ẹ̀rù tó ju gbogbo ìyẹn lọ wà, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, ẹ ṣáà wò ó, mò ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ta ló sọ pé òwìwí yẹn á bà sórí ilé yẹn? Ilé pọ̀ lábúlé náà. Igi pọ̀. Orí páànù ilé tí ọmọ ti ń ṣàìsàn ló lọ bà lé. Mà Fọlákẹ́ ní eku ni òwìwí ń jẹ, ilé yẹn ló sún mọ́ ibi tí ohùn ti ń wá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní mà, mo mọ̀. Lóòótọ́ mo mọ̀. Tí oòrùn bá wà lókè, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Tó bá ti ń rọ̀, tí ẹyẹ kankan bá dún lórí wáyà iná níwájú ilé, màá máa bi ara mi pé ṣé kì í ṣe pé mo ṣí ilẹ̀kùn kan tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tì í.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọsibítù wàyí. Ibà ló mú ọmọ náà, ó ti fà á lẹ́jẹ̀ tán nínú. Ọ̀fàdà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀ ní Abẹ́òkúta. Bàbá ẹ̀ ti fún un lẹ́jẹ̀. Dókítà ní ìyẹn á gbé e dé ọ̀la, ó tún nílò òmíràn, irú tiẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n níbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí. Ìyá ọmọ lóyún, wọn ò lè gbà lára ẹ̀. Àwọn ẹbí tó wá, tiwọn ò bá a mu. Èmi máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, kí Bàbá Mọ́rẹ̀n lè máa rí mi pé mi ò sá. Nọ́ọ̀sì kan rí mi, kò mọ ẹni tí mo jẹ́, ó ní ṣé ẹbí ọmọ yìí ni mí, ṣé kí òun yẹ tèmi wò? Mo na apá. Ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní ó bá a mu, bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wa.

Ìyá Mọ́rẹ̀n ní rárá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó pe òwìwí sórí ilé òun kọ́ ló máa wọ ara ọmọ òun. Ó ní ohun tí mi ò rí gbà láti orí òrùlé ni mo tún fẹ́ gbà láti inú iṣan. Nọ́ọ̀sì yẹn wò mí, ó ti dá mi mọ̀ báyìí, ẹ̀rín ẹ̀ ti lọ. Kí n má parọ́, nígbà tí Ìyá Mọ́rẹ̀n ní rárá, ara tù mí. Ẹ̀yin náà ti sọ fún mi lórí fóònù, ẹ ní tí ẹ̀jẹ̀ mi bá fi lè wọ ara ọmọ yẹn tó sì kú, kò sí ẹni tó máa gbà mí sílẹ̀ mọ́, ikú ọmọ yẹn á di tèmi pátápátá. Òótọ́ lẹ sọ. Mo sọ fún yín pé tí wọ́n bá gbà, màá fún un. Ẹ pa fóònù. Látìgbà yẹn ẹ ò gbé e mọ́. Àǹtí Sàrátù ní ẹ ti búra pé àfi tí mo bá wà nínú mọ́tò tó ń bọ̀ ní Sakí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi.

Lọ́sàn-án òní ni Ìyá Mọ́rẹ̀n jáde wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì. Ó jókòó sí òpin kejì. Kò wo ojú mi. Ó bi mí pé ṣé mo ní ìyá? Mo ní mo ní. Ó ní àwọn àjẹ́ náà máa ń ní ìyá. Mo ní tèmi ń ṣe òrí. Ó ní òrí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára? Mo ní òun ni. Ó ní níbo? Mo ní Sakí. Ó ní ọ̀nà jìn. Mo ní ó jìn gan-an, mà. Òun ò ju mí lọ lọ́jọ́ orí, ẹ gbọ́, mò ń pè é ní mà.

Ó wá sọ̀rọ̀, ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní dókítà ti bá òun sọ̀rọ̀, ìyá tíṣà ti wá kúnlẹ̀ bẹ òun, lẹ́mọ́ọ̀mù ti bá ọkọ òun sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo wọn ò mọ̀ mí, òwò wọn ni wọ́n ń ṣe. Ó ní ẹni tó bí mi ló mọ ohun tó bí. Ó ní òun fẹ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀, ẹnu sí etí, obìnrin sí obìnrin. Ó ní ohun tí ẹ bá sọ ni òun máa fi sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá fún wọn. Mo ka nọ́ńbà yín fún un. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ẹ̀. Ó ní òun máa pè yín lọ́la, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí dókítà tó dé.

Màámi, nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀ ló máa wọlé. Mo mọ̀ pé ẹ kì í gbé irú ẹ̀, ẹ máa ń ní àwọn olè orí fóònù ni. Ẹ gbé èyí. Mi ò ní kí ẹ yìn mí. Ẹ sọ fún un pé olórí kunkun ni mí, pé mi ò lè pa ẹnu mọ́, pé mo sá kúrò ní iléèwé kí ìwé tó wọ̀ mí lórí. Ẹ sọ èyí tó bá dùn yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ rò ó wò tí ẹ̀rù sì ń bà yín pé kí n má fún un, ẹ sọ ìyẹn náà fún un, ìyá lòun náà, á yé e. Ṣùgbọ́n kí fóònù náà má dún títí kó dákẹ́. Tó bá dákẹ́, á rò pé ẹni tó bí mi pàápàá ò rí nǹkan sọ nípa mi, rárá ló sì máa sọ fún dókítà, ọmọ yẹn ò sì ní ẹlòmíì.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé mi. Ẹ̀rù ń bà mí tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ń bà mí tí ẹ bá sọ rárá. Tí wọ́n bá pè mí wọlé lọ́la, màá wọlé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ wa ire, àwa àti Mọ́rẹ̀nikẹ́. Kó má jẹ́ kẹ́ ẹ sunkún ara yín. Kó jẹ́ kí ọwọ́ yín máa dán, Màámi, kí ojú Bàámi má ṣe ṣókùnkùn, kí Màmá Àgbà jẹ èrè gbogbo wa. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ Àǹtí Sàrátù, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àwọn tó gbà mí gbọ́ àtàwọn tí kò gbà.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ bí tí ẹ sì mọ̀,
Ràṣídì.